Mùsíọ́ọ̀mù réluwé: ṣé kí wọ́n rojọ́ fún àwọn ọmọ wa ni, àbí kí wọ́n ṣe é lójú wọn?

Ìbéèrè láti ọ̀dọ̀ Tíṣà Àjàrá

Ẹ kú ilé o. Tíṣà ni mí ní Àjàrá, níhìn-ín ní Àgbádárìgì. A fẹ́ kó àwọn ọmọ JSS 1 àti JSS 2 lọ wo mùsíọ́ọ̀mù réluwé ní Èbúté Mẹ́tta lópin táàmù yìí. Nígbà tí a gbé e dé ìpàdé PTA, ilé dàrú. Bàbá kan ní bí wọn ò bá ní tan ẹ̀rọ kó rìn lójú ọmọ òun, kọ́bọ̀ òun ò ní jáde. Ìyá kan ní kí ló kan ọmọ Àgbádárìgì nínú réluwé tí kò dé ìlú wa rí. Ọ̀gá wa ní afinimọ̀nà á sọ̀rọ̀, àwọn ọmọ á kọ ọ́ sínú ìwé, ó parí. Èmi ò mọ ibi tí mo máa dúró sí. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kó èèyàn kiri mùsíọ́ọ̀mù, kí ni kí n bèèrè lọ́wọ́ wọn kí a tó sanwó? Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu tó, àbí kí n ta kú pé kí wọ́n ṣe nǹkan lójú wa?

*

Tíṣà, bàbá tó ní kí ẹ̀rọ rìn yẹn, ẹ má bá a jà, ẹ má sì tẹ̀lé e.

Iṣẹ́ afinimọ̀nà ni mò ń ṣe ní Àgbádárìgì níbí, ọmọ réluwé sì ni mí. Gáàdì réluwé ni bàbá mi, ẹni tó ń fi àsíá àti àtùpà fún dírẹ́bà lámì, inú kọ́tà réluwé ní Èbúté Mẹ́tta ni wọ́n bí mi sí. Ọ̀rọ̀ "ẹ tan ẹ̀rọ" yìí, àwọn tí kò rí bí wọ́n ṣe ń tan án rí ló ń sọ ọ́. Ẹ̀rọ sítíìmù kò ní kọ́kọ́rọ́ tí a ń yí. Bí ìkòkò rẹ̀ bá ti tutù, ọ̀pọ̀ wákàtí ni fáyámánì á fi máa da èédú sí i kí omi tó hó dé ibi tó lè ti irin. Omi tó bá di sítíìmù máa ń fẹ̀ ní nǹkan bí ìlọ́po 1,600. Agbára yẹn ló ń ti písítìn, òun náà ló sì lè fa ìkòkò tó ti gbó ya. Ìkòkò irin tó ti jókòó sójú kan láti ayé ológun, ta ló máa fọwọ́ sí i pé kí wọ́n daná sí i nínú, kí ọmọ ọlọ́mọ sì dúró tì í? Kò ní jẹ́ èmi.

Ọ̀gá yín náà kò jàre o. Kí ogójì ọmọ to ìlà, kí ẹnì kan máa ka ọdún sí wọn létí, kíláàsì tí a wọ bọ́ọ̀sì lọ bá nìyẹn. Wọ́n ti ní kíláàsì ní Àjàrá.

Ibi tí mo dúró sí rèé: ohun tí irin ń ṣe, kí wọ́n fi ọwọ́ ṣe é lójú àwọn ọmọ. Ohun tí ojú èèyàn rí nídìí irin, kí wọ́n fi ẹnu sọ ọ́. Ibi tí wọ́n bá ti fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ni ọjọ́ náà ti ń bàjẹ́. Ẹ̀rọ ńlá kọ́ ni kí ẹ sì bèèrè fún. Àwọn nǹkan kéékèèké tí wọ́n tì sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tí ẹnikẹ́ni kì í dúró wò, àwọn ni kí ẹ ní kí wọ́n gbé wá.

*

Ìyá tó ní réluwé ò kàn wá, mo gbọ́ yín. Òótọ́ ni pé kò wá. Ọdún 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to irin láti Ìddó. Ó gba Ọ̀tà, ó dé Abẹ́òkúta, nígbà tó di 1901 wọ́n ti ṣí i dé Ìbàdàn. Òṣogbo rí i ní 1907. Nígbà tó fi di 1912, èèyàn lè wọ réluwé láti Èkó dé Kánò. Ẹ wo ibi tó gbà: òkè ló ń lọ, níbi tí kòkó, òwú àti ẹ̀pà wà. Ẹ̀ka kan yà ní Ifọ̀ gba Ìlaròó dé Ìdógò. Ìyẹn ló sún mọ́ wa jù, kò sì dé etí ọ̀sà.

Àwa tí ọkọ̀ òyìnbó ń gúnlẹ̀ sí lẹ́sẹ̀ wa tẹ́lẹ̀, ọjà gba ẹ̀yìn wa kọjá. Ṣé ìyẹn náà ò kàn wá? Ọmọ tó bá wo máàpù náà lára ògiri tó sì bèèrè pé kí ló dé tí ìlà yìí ò yà sọ́dọ̀ wa, owó tí ẹ san lórí rẹ̀ ti pé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò tíì tán lónìí pàápàá. Blue Line, réluwé tuntun Èkó tí a ń rí lójú ọ̀nà, Okokomáìkò ni wọ́n yà á dé nínú ìwé. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2023, Mile 2 ló mọ. Àwa ṣì wà ní ìyókù ọ̀nà, a ń jẹ eruku.

*

Mo ti ka èsì tí ẹ̀yin òǹkàwé kọ sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ yín ní àgbà tó ti fẹ̀yìntì nídìí réluwé ni kí Tíṣà bèèrè fún, kí àwọn ọmọ tó ka ìtàn ní yunifásítì lọ jókòó.

Ẹ rọra. Mo fẹ́ràn àwọn bàbá yẹn, àárín wọn ni mo dàgbà sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún bàbá tó ti wa lókò, ẹ̀rọ tó ń fa réluwé, fún ọgbọ̀n ọdún láyè, ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì ló máa kọ́kọ́ kàn. Á kan ọ̀gá tó fi ìgbéga rẹ̀ dù ú. Á kan ọmọbìnrin tó fẹ́ fẹ́ ní Kafanchan. Kó tó padà dé orí ẹ̀rọ, àwọn ọmọ ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n ń jẹ bísíkíìtì.

Ọmọ tó kàwé náà ní tirẹ̀ lára. Ó ti há ọ̀rọ̀ sórí. Bí ọmọ kan bá na irin kan sí i pé "Kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe?", á ní "A máa dé ibẹ̀." A kì í dé ibẹ̀.

Èmi máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí àwọn méjèèjì dúró pa pọ̀. Ọmọ kó ìtàn dání, bàbá kó ọwọ́ rẹ̀ dání. Òun ni kó gbé nǹkan sókè, kó yí i, kó fà á, kó ní kí ọmọ fà á. Gbólóhùn mẹ́ta tó fún un, ọ̀rọ̀ Kafanchan á dọjọ́ mìíràn.

Ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n sọ Yorùbá. Àwọn ọmọ yín ń sọ Ògù nílé, wọ́n ń sọ Yorùbá lọ́jà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń dákẹ́. Ẹnì kan níhìn-ín ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ kò ṣeé sọ ní Yorùbá. Ọ̀gbẹ́ni, bàbá mi fi Yorùbá ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìntì. Fáyámánì, sìgìnà, réèlì, sílípà abẹ́ irin, kóòṣì, wágọ̀nù, gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ réluwé kí wọ́n tó bí ẹ.

*

Ọmọ Tòpó ní kí n dárúkọ nǹkan kan ṣoṣo tí wọ́n lè ṣe lójú ọmọ láìdáná. Ó rò pé ó ti mú mi.

Ẹ bèèrè òòlù tí wọ́n fi ń yẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò. Òòlù kékeré ni, èèkù rẹ̀ gùn. Bí réluwé bá dúró ní stéṣọ̀n ńlá láyé ìjọ́un, ọkùnrin kan á máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á máa kan ẹsẹ̀ irin kọ̀ọ̀kan: kaan, kaan, kaan. Èyí tó pé á dún, ohùn rẹ̀ á lọ jìnnà. Èyí tó ti sán á dún pòkò, ohùn á kú síbẹ̀. Àwọn ìyá wa náà mọ̀ ọ́n, ìka ni wọ́n fi ń ta etí ìkòkò amọ̀ lọ́jà kí wọ́n tó ná an. Ẹ di ojú ọmọ kan, kí bàbá kan irin tó dáa, kó kan èyí tó ti sán, kí ọmọ sọ èwo ni wọ́n máa tú kúrò lábẹ́ ọkọ̀. Ariwo tí àwọn ìyókù máa pa, ẹ ò ní lè pa wọ́n mọ́ra.

Ẹ bèèrè àtùpà gáàdì. Ti bàbá mi, dígí kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀, kẹrosíìnì ló ń jẹ. Nínú rẹ̀ ni dígí pupa àti dígí aláwọ̀ ewé wà, orí rẹ̀ la sì fi ń yí wọn. Ẹ yí i díẹ̀, funfun á di àwọ̀ ewé. Ẹ tún yí i, ó di pupa. Ìwé ìròyìn àná ló máa ń fi nu dígí náà kó tó lọ síṣẹ́, èéfín á sì dúdú sí àtàǹpàkò rẹ̀, á di ọjọ́ kejì kó tó ṣí. Ẹ pa iná yàrá, ẹ fi ọmọ kan ṣe dírẹ́bà lọ́hùn-ún, ẹ fi òmíràn ṣe gáàdì. Pupa, ó dúró. Àwọ̀ ewé, ó lọ. Kí wọ́n wo bí iná tó kéré tó bẹ́ẹ̀ ṣe ń dá ọkọ̀ tó kún fún èèyàn dúró lóru.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kù. Apá tó pọ̀ jù nínú ìlà àtijọ́ wa, irin kan ṣoṣo ni: ọkọ̀ ń lọ lórí rẹ̀, ọkọ̀ ń bọ̀ lórí rẹ̀. Kí ni kò jẹ́ kí wọ́n forí sọ ara wọn? Ọ̀nà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbà ṣe é ni pé dírẹ́bà kò gbọdọ̀ wọ ìlà láìmú àmì kan dání, àmì náà kò sì ju ẹyọ kan lọ. Ibi tí àmì kò bá sí, ọ̀rọ̀ wáyà, ìyẹn tẹlígíráàmù, ni wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé. Ní 1874, wọ́n fi wáyà ránṣẹ́ lódì ní Thorpe nítòsí Norwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkọ̀ méjì wọ irin kan lóru, èèyàn tó lé ní ogún sì kú. Ìyẹn ló mú ẹnjiníà Gẹ̀ẹ́sì kan, Edward Tyer, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ jáde ní 1878: àpótí kan ní stéṣọ̀n yìí, àpótí kan ní stéṣọ̀n kejì, wáyà iná so wọ́n pọ̀. Bí wọ́n bá ti yọ irin róbótó kan, tó jẹ́ àmì náà, nínú ọ̀kan, èkejì á tì pa. Kò sí ẹni tó lè yọ òmíràn títí èyí tó jáde á fi wọlé.

Èyí ò tiẹ̀ ní kí ẹ kúrò ní Àjàrá. Ẹ fi ẹfun fa ìlà kan lórí pápá, ẹ pín àwọn ọmọ sí ìkángun méjèèjì, ẹ fún wọn ní ọ̀pá kan. Ẹni tí ọ̀pá kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ ìlà. Láìpẹ́, ọmọ kan á kígbe: bí ọkọ̀ méjì bá fẹ́ tẹ̀lé ara wọn láti apá kan náà ńkọ́? Èyí àkọ́kọ́ ti gbé ọ̀pá lọ! Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ jẹ́ kó gbé ìbéèrè yẹn dé Èbúté Mẹ́tta, kó fi há afinimọ̀nà mọ́ ògiri.

*

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà nílùú Ọba ti dé, ẹ sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ti dé, ọ̀rọ̀ ìlú York níbẹ̀ ni. Wọ́n ní kí a wo mùsíọ́ọ̀mù réluwé tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 1975, kí a wo àwo irin ńlá tí wọ́n fi ń yí ẹ̀rọ po, kí a yéé fi àtùpà tan ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àṣeyọrí. Àwo náà wà lóòótọ́, ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀rọ láyé ìjọ́un ni gbọ̀ngàn yẹn tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́, kí ni èrò ń wọ́ tì jù níbẹ̀? Mallard ni, èyí tó sá 203 kìlómítà ní wákàtí ní 1938, tí ẹ̀rọ sítíìmù kankan kò tíì gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dúró jẹ́ẹ́, kò sí iná nínú rẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́ ìtàn rẹ̀ lẹ́nu afinimọ̀nà. Bí wọ́n bá ní kí n jí ẹyọ kan gbé wálé, Ellerman Lines ni màá jí. Ẹ̀rọ yẹn ni wọ́n là lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí a fi lè rí inú ìkòkò rẹ̀, ibi tí iná wà, àwọn páìpù tí èéfín gbígbóná ń gbà kọjá láàárín omi. Kò ní kúrò níbi tó wà títí ayé. Fídíò rẹ̀ tí mo wò yé mi ju gbogbo ẹ̀rọ tó ń sá lọ.

Ti Èbúté Mẹ́tta, Jaekel House ni wọ́n ń pe ilé náà. Ọdún 1898 ni wọ́n kọ́ ọ, ẹgbẹ́ Legacy 1995, àwọn tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́, ló tún un ṣe ní 2010. Fọ́tò àtijọ́ pọ̀ níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé ti ń ṣi ọjọ́ lò. Wọ́n á gba iwájú fọ́tò kọjá tìrìgbọ̀ngbọ̀n, kí olórí ìlà má bàa pẹ́ dé yàrá kejì. Ẹ pín wọn ní méjì-méjì, ẹ fi méjì-méjì tì sí iwájú fọ́tò kan: kí wọ́n wá ẹni tó mú àsíá lọ́wọ́, ẹni tí kò wọ bàtà, ẹni tó wọ fìlà òyìnbó. Lẹ́yìn náà ni kí afinimọ̀nà wá bá wọn níbi tí wọ́n wà. Àwọn ni kó dá lóhùn, kí ó máa sọ̀rọ̀ láti ibẹ̀ lọ.

*

A ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ pátápátá. Ẹni méjì ti ń bú ara wọn láti àárọ̀ nítorí fàkà-fíkì, ariwo tí réluwé ń pa bó bá ń lọ. Ọ̀kan ní ẹnu ẹ̀rọ ló ti ń jáde, èkejì ní abẹ́ ọkọ̀ ni.

Àwọn méjèèjì jàre, ẹ sinmi. Ẹ̀rọ sítíìmù onípísítìn méjì máa ń tu èéfín lẹ́ẹ̀mẹrin nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá yí po lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ni ariwo iwájú. Ti abẹ́, àlàfo tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín réèlì kan àti èkejì ni, nítorí oòrùn máa ń mú irin gùn, bí kò bá sì rí àyè gùn sí, á tẹ̀. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá kọjá lórí àlàfo yẹn, á dún. Ìdí rèé tí ẹ̀rọ dísù, tí kì í tu èéfín bí ti sítíìmù, ṣì ń dún bẹ́ẹ̀ lórí irin àtijọ́. Irin tí wọ́n jó mọ́ra kò ní àlàfo yẹn, ọkọ̀ orí rẹ̀ kàn ń yọ́ lọ ni. Bàbá mi wọ ọ̀kan, ó ní òun ò mọ̀ pé wọ́n ti gbéra.

Ẹ wò ó, ìyẹn náà jẹ́ ohun tí a lè ṣe lójú ọmọ. Ṣáájú ìrìn àjò, ẹ mú ife oníwèé mẹ́rin. Ẹ fi sẹ́lótéèpù so méjì pọ̀ lẹ́nu, kí ibi tó fẹ̀ wà láàárín. Ẹ so méjì yòókù pọ̀ nídìí, kí àárín tín-ín-rín. Ẹ to igi méjì gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ gbé orí wọn sókè díẹ̀, ẹ yí wọn láti òkè. Àkọ́kọ́ á máa tún ara rẹ̀ ṣe bọ̀ sáàárín títí á fi dé ìsàlẹ̀. Èkejì á já bọ́. Ẹsẹ̀ réluwé náà rí bẹ́ẹ̀, ó fẹ̀ níhà inú ju ìta lọ. Ètè irin tó wà nínú lọ́hùn-ún, ó kàn ń ṣọ́ ni, ọ̀pọ̀ ìgbà kì í kan réèlì. Bí àwọn ọmọ bá ti ṣe èyí ní kíláàsì, ẹsẹ̀ irin tí wọ́n máa bá ní Èbúté Mẹ́tta, wọ́n á fọwọ́ pa á, wọ́n á wá dàgẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

*

Ọmọ Gberefu bi mí ní ìbéèrè tó dùn mọ́ mi nínú. Ó ní, "Àǹtí, ẹ̀yin tí ẹ ní kí a ṣe nǹkan lójú ọmọ, kí ló dé tí ẹ kì í jẹ́ kí àlejò fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sọ́rùn ní Àgbádárìgì?"

Nítorí mo ti rí ohun tó ń tẹ̀lé e. Bí a bá kúrò níbi ọjà Vlekete, ọjà ẹrú àtijọ́, tí a dé ibi tí wọ́n kó irin ẹrú jọ sí, tí afinimọ̀nà bá fi irin sọ́rùn ọmọ kan, ẹ̀rín ni. Fóònù á jáde, ọmọ á na ìka méjì sókè, wọ́n á yà á, wọ́n á gbé e sí WhatsApp. Ohun tí wọ́n fi irin náà ṣe fún èèyàn ti di eré. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan kò gbà, wọ́n ní kò sí ẹni tó máa gbàgbé òtútù irin lọ́rùn ara rẹ̀. Mo gbọ́ wọn, mi ò sì tẹ̀lé wọn. Èmi á gbé irin náà lé ọmọ lọ́wọ́ méjèèjì, kó mọ bó ṣe wúwo, màá gbà á padà, màá wá sọ̀rọ̀. Ìwúwo jẹ́ ti irin, ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n. Ìyókù, ẹnu ló ń sọ ọ́.

Réluwé náà ní tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ nìkan dá yín lóhùn, kí ẹ bi wọ́n léèrè Michael Imoudu. Òṣìṣẹ́ réluwé ni kó tó di aṣíwájú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ìjọba amúnisìn mú un ní 1943, wọ́n lé e kúrò l'Èkó lọ sí Auchi. Ó padà ní oṣù kẹfà 1945, kí oṣù náà sì tó tán, àwọn òṣìṣẹ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀, nítorí ogun ti gbé owó ọjà lọ sókè, owó oṣù kò sì tẹ̀lé e. Ó lé ní 40 ọjọ́ tí wọn ò fi padà. Kí ni ẹ fẹ́ kí wọ́n fihàn níbẹ̀? Kí ọmọ máa gbé páálí kiri? Ẹ jókòó sábẹ́ igi, kí àgbà sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì bá tilẹ̀ yọ jú níbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ó ti bá àyè rẹ̀ pàdé.

*

Nǹkan kan tí ẹ ò ì mẹ́nu bà: ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ.

Ní ibì kan tí mi ò ní dárúkọ, afinimọ̀nà ní kí ọmọkùnrin kan fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń yí irin kí ọkọ̀ lè yà. Ìfihàn tó dára ni. Àmọ́ irin tó ń yí wà níwájú lọ́hùn-ún, ọmọ mìíràn sì ti ki ẹsẹ̀ bọ àárín rẹ̀, ó ń wo bó ṣe máa ṣe. Bàtà rẹ̀ ló há, ẹsẹ̀ yọ. Afinimọ̀nà rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ ni wọ́n. Láti ọjọ́ yẹn, bí ọ̀pá kan bá wà tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ fà, mo ní kí tíṣà kan kọ́kọ́ lọ dúró níbi tí irin ti ń yí, kó na ọwọ́ sókè, kí wọ́n tó fà á. Ẹni tó ń fa ọ̀pá kì í rí ìdí rẹ̀.

Fèrè ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọn ọ́, àmọ́ níta ni.

*

Tíṣà, mo rí i pé bàbá yẹn ṣì ta kú pé kí nǹkan rìn. Ó dáa, ẹ jẹ́ kó rìn. Ẹ wọ kósítà láti Àjàrá dé Mile 2, kí ẹ wọ Blue Line níbẹ̀ dé National Theatre. Ẹ máa kọjá Alaba àti Iganmu, kò sì jìnnà sí Èbúté Mẹ́tta mọ́, bọ́ọ̀sì yín lè lọ dúró dè yín níwájú. Káàdì Cowry ni wọ́n ń lò, ẹ rà á, ẹ sì kówó sí i ṣáájú ọjọ́ náà, ẹ má fi ọmọ ogójì tò síbi tí wọ́n ti ń tà á láàárọ̀. Kí àwọn ọmọ wá èéfín títí, wọn ò ní rí i, iná mànàmáná ló ń wà á. Irin kẹta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló ń gbé iná náà, 750 fóltì, nítorí náà ẹni tí nǹkan rẹ̀ bá já sílẹ̀ lórí irin, kó dágbére fún un.

Kí wọ́n mú okùn méjì dání láti ilé. Ẹ gé ọ̀kan ní 1,067 mílímítà, ìyẹn ni ìbú ojú irin àtijọ́ wa. Ẹ gé èkejì ní 1,435, ti ìlà Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní 2021. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ti gbà yín láyè lórí irin tí ọkọ̀ kì í gbà mọ́, kí wọ́n na okùn wọn sí i. Ọmọ tó bá rí i pé ọkọ̀ ti ibí kò lè gun ti ọ̀hún, ẹ ò ní nílò láti ṣàlàyé ìdí tí wọ́n fi tún irin mìíràn tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́tà tí ẹ máa kọ sí wọn, ẹ má kọ "a fẹ́ wá ṣàbẹ̀wò" nìkan. Ẹ kọ iye ọmọ àti ọjọ́ orí wọn. Ẹ kọ pé Yorùbá ni kí wọ́n fi bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ kọ ọ́ kedere pé ẹ fẹ́ nǹkan mẹ́ta tí ọmọ lè fi ọwọ́ kàn, kí wọ́n sì dárúkọ wọn fún yín kí ẹ tó dé. Bí wọ́n bá ní òòlù kò sí, ẹ bèèrè àtùpà. Bí àtùpà kò bá sí, ẹ bèèrè àsíá gáàdì. Ẹ ní kí ọ̀rọ̀ ẹnu má ju ogún ìṣẹ́jú lọ kí àwọn ọmọ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ pín wọn sí ọ̀nà méjì, kí ìdajì máa wo fọ́tò nígbà tí ìdajì wà nídìí irin, kí wọ́n sì pààrọ̀.

Ìyá Ṣẹ́gun bèèrè bóyá kí wọ́n fún afinimọ̀nà ní nǹkan. Iṣẹ́ mi ni, ẹ má bi mí. Àmọ́ bí bàbá àgbà kan bá wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ hàn yín, òun ni kí ẹ fún, ní ọwọ́ rẹ̀, ẹ má fi rán ẹnikẹ́ni.

Kí ẹ sì kúrò ní Èbúté Mẹ́tta kí aago méjì tó lù. Ẹ mọ bí ọ̀nà wa ṣe ń rí láti Mile 2 bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú.